Ìyá Ìbejì Tí Kò Bímọ

Àwọn ará Òkè-Ìsẹ́rin ní Igbó-Ọrà fẹ́ràn láti máa sọ pé àánú ló gbé Abíọ́nà dé ilé Gàníyù. Kò sí àánú kankan níbẹ̀. Ìyá Abíọ́nà ló ṣàìsàn ní ọdún 1984, tí wọ́n gbé e láti Tápà lọ sí ọsibítù ní Èrúwà. Abíọ́nà bá a lọ kí ó lè máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa se oúnjẹ fún un. Ìyá náà kú. Bí ọmọ ti ń di ẹrù rẹ̀ láti máa lọ sílé, ọkùnrin kan pè é láti orí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ọmọge, jọ̀ọ́, bá mi wo ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn. Ṣé ẹsẹ̀ mi ṣì wà níbẹ̀? Ó pẹ́ tí mo ti gbúròó wọn."

Abíọ́nà, tí ẹkún ti mú ojú rẹ̀ wú, wo ìdí bẹ́ẹ̀dì. "Wọ́n wà níbẹ̀."

"Méjèèjì?"

"Méjèèjì."

"Bá mi kí wọn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Abíọ́nà. Ojú tì í, ó fi gèlè bo ẹnu, nítorí òkú ìyá rẹ̀ kò tíì tutù. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ ẹyìn kíkọ ni Gàníyù ń ṣe kí ó tó di èrò bẹ́ẹ̀dì. Ó wà lórí ọ̀pẹ lọ́jọ́ kan, ó ń sọ ìtàn ọlọ́pàá kan tó ń lé òbúkọ fún àwọn tó ń ṣa ẹyìn nísàlẹ̀. Ìtàn dé ibi tó gba ọwọ́ méjì. Gàníyù fi igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ sílẹ̀, kí ó lè fi ọwọ́ méjèèjì júwe bí ikùn ọlọ́pàá náà ṣe ń mì. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó rí i pé ó ń bọ̀. Ọpá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì kú láti ìbàdí.

Ìyá Gàníyù a máa ná ọjà kiri, kò lè jókòó ti aláìsàn. Ó kíyè sí i pé ọmọ òun ń jẹun bí ọmọbìnrin ará Tápà yìí bá gbé oúnjẹ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó bá àwọn lọ sílé láti máa tọ́jú rẹ̀. Àkànó, bàbá Abíọ́nà, gbà kíá. Ó ti fẹ́ ìyàwó tuntun, ìyàwó náà sì sọ pé ilé há.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ àánú kò mọ ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà. Ènìyàn ní láti máa yí Gàníyù sósì, kí ó máa yí i sọ́tùn-ún, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà di egbò. Ènìyàn ní láti gbé e dé orí òkúta ìwẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, kí ó fọ ohun tí àgbàlagbà kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun fọ̀, kí ó fi àdí pa ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ pé wọ́n ń pa òun. Gbogbo ìgbà tí Abíọ́nà bá fi ń ṣe èyí, Gàníyù kì í dákẹ́. Ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ní Alága, ó sọ ti òsì ní Akọ̀wé.

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, Bọ̀dá Gàníyù?"

"Ṣé o kò rí wọn ni? Wọ́n jókòó, àwọn ẹlòmíràn ló ń ṣiṣẹ́, tí a bá sì ń lọ ibì kan, àfi kí wọ́n gbé wọn."

Ní ọdún 1987, wẹ́dà kan fi irin àga àti táyà kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe kẹ̀kẹ́ arọ fún un. Kẹ̀kẹ́ náà dára. Ohun tí wẹ́dà gbàgbé ni búréèkì. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, Abíọ́nà dúró láti tún ìró rẹ̀ ró, ó sì fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́. Kẹ̀kẹ́ gbéra. Gàníyù jókòó sínú rẹ̀ gbọnrangandan bí ọba tó ń kọjá, ó ń kí tọ̀tún tòsì: "Ẹ kúuṣẹ́ o! Ẹ kú ọjà o! Ẹ má bínú, n kò lè dúró!" Adìẹ fò, ọmọdé sá wọlé. Kẹ̀kẹ́ kò dúró àfi nínú òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ tó wà níwájú àtíbàbà tí Sàrátù, aládùúgbò wọn, ti ń dín garí.

Nígbà tí Abíọ́nà sáré dé, tó fi ọwọ́ kan di ìró mú, èèpo ẹ̀gẹ́ ti mu Gàníyù dé àyà. Ó ń wo Sàrátù bí oníbàárà tó ti dúró pẹ́.

"Sàrátù, wọn garí kóńgò kan fún mi."

Abíọ́nà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú títì, ó rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn ún. Bí ó ti jókòó síbẹ̀, ó mọ̀ pé òun kò fẹ́ lọ sí ibòmíràn mọ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin tí wọ́n mú wá láti máa tọ́jú ènìyàn kò lè la ẹnu kí ó ní òun fẹ́ ẹ. Ó ń retí kí Gàníyù sọ ọ́. Gàníyù ń sọ gbogbo nǹkan yòókù.

Nígbà tó di ọdún 1990, Ìyá Gàníyù fún Abíọ́nà ní abo ewúrẹ́ kan. Kò pẹ́ tí ewúrẹ́ náà fi bí méjì. Ní ìlú mìíràn, bí ewúrẹ́ bá bí méjì, ewúrẹ́ bímọ nìyẹn. Igbó-Ọrà ni ibí, níbi tí ilé tí kò bá ní ìbejì fi ògiri ti ilé tó ní in. Gàníyù na ọrùn láti orí ẹní rẹ̀.

"Èyí tó kọ́kọ́ jáde ni Táyé. Kẹ́hìndé ló rán an níṣẹ́. Abíọ́nà, gbé ẹ̀wà kaná."

Ìyá rẹ̀ pariwo. "Gàníyù! Ìbejì kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣàwàdà. Wọ́n ń gbọ́ o."

"Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Kí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀wà wà lórí iná."

Abíọ́nà se ẹ̀wà olóròóró fún ìbejì ewúrẹ́, gbogbo àdúgbò sì wá jẹ ẹ́. Ìyá Gàníyù bínú, ó jẹ tirẹ̀, ó sì ní kí wọ́n bu díẹ̀ sí i. Sàrátù kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó wá kí ìyá ìkókó.

"Bàbá Ìbejì, ẹ kú ewu o. Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ. Ọlọ́run á wò wọ́n."

"Àmín," ni Abíọ́nà wí. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí ó tó rántí pé ewúrẹ́ ni wọ́n ń sọ.

Orúkọ náà kò lọ mọ́. Àlàyé rẹ̀ kò le. Gàníyù ti kọjá ẹni tí a ń pe orúkọ rẹ̀ lásán, kò sì ní ọmọ tí a lè fi pè é. Ojoojúmọ́ ni ẹnu ń kọ àwọn aládùúgbò lórí bí wọn yóò ṣe kí i. Nígbà tí Bàbá Ìbejì dé, wọ́n gbá a mú bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Bí ọkùnrin ilé kan bá sì ń jẹ́ Bàbá Ìbejì, tí obìnrin ilé náà ń jẹ́ Ìyá Ìbejì, ta ló tún ń béèrè ohun tí wọ́n jẹ́ sí ara wọn? Àwọn tó mọ̀ pé àwàdà ni gbàgbé. Àwọn tó kó dé àdúgbò lẹ́yìn náà kò tilẹ̀ mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò so wọ́n pọ̀. Orúkọ ló so wọ́n pọ̀. Abíọ́nà sì ń dáhùn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Àkànó rántí ní Tápà pé òun ní ọmọbìnrin kan. Ohun tó rán an létí ni Gbénró, àgbẹ̀ oníṣu kan láti Ìgàngán tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Gbénró rí Abíọ́nà nígbà tí ọmọ náà wá bá wọn ṣọdún ní Tápà, ó sì tọrọ rẹ̀. Àkànó ní kò burú. Kò béèrè lọ́wọ́ Abíọ́nà. Ta ló ń béèrè lọ́wọ́ iṣu kí ó tó gbé e lọ sọ́jà? Ó ku kí àwọn ará ilé Gbénró ṣe ìwádìí ọmọ bí àṣà. Wọ́n rán Àpèkẹ́, àbúrò ìyá Gbénró, lọ sí Igbó-Ọrà. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá pàdé ni Sàrátù nídìí garí rẹ̀.

"Ẹ kú iná o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ilé tí Abíọ́nà ọmọ Tápà wà?"

"Abíọ́nà?" Sàrátù ro garí, ó ronú. "Abíọ́nà… Háà! Ìyá Ìbejì! Ilé ọkùnrin tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ yẹn ni. Bàbá Ìbejì."

"Ìbejì báwo? Ta ló bí ìbejì?"

"Táyé àti Kẹ́hìndé. Ẹ jàre, ẹ má jẹ́ kí n dárúkọ wọn, inú ń bí mi sí wọn. Táyé wọ ilé ìdáná mi lánàá, ó da ẹ̀gẹ́ mi nù. Mo fi orógùn fọ́ ọ nídìí."

"Ẹ fi orógùn lu ìbejì?"

"N ó tún lù ú. Kẹ́hìndé wá ńkọ́? Ìborùn mi tuntun ló jẹ. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì! Mo so ó mọ́ igi títí di ìrọ̀lẹ́."

Àpèkẹ́ di àyà mú. "Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

"Wọn kò ju ọdún kan lọ. Ṣùgbọ́n Táyé ti ní irùngbọ̀n."

Àpèkẹ́ gbé báàgì rẹ̀. Kò sọ pé ó dàbọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti dé Tápà: Abíọ́nà ti lọ́kọ, ó ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn ní irùngbọ̀n, gbogbo àdúgbò sì ń fi orógùn nà wọ́n.

Àkànó ránṣẹ́. Ó ní òun, Gbénró àti Àpèkẹ́ ń bọ̀. Bí Gàníyù bá ti bímọ fún ọmọ òun, kí ó jẹ́wọ́, kí wọ́n sì dá ọjọ́ ìdána. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Abíọ́nà yóò bá òun padà sílé lọ́jọ́ náà gan-an, yóò sì lọ sílé Gbénró.

Ọ̀sán ni ìránṣẹ́ dé, Abíọ́nà ń wẹ Gàníyù lọ́wọ́ lórí òkúta. Nígbà tí ìránṣẹ́ ti lọ, ó ń fi kànìnkànìn fọ èjìká rẹ̀ síbẹ̀.

"Bọ̀dá Gàníyù, bàbá mi ń bọ̀ lọ́la."

"Mo gbọ́. Ṣé kí a pa Táyé fún un ni?"

"Ẹ gbọ́ mi ná. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ̀yin ni Bàbá Ìbejì."

"Èmi ni. Ta ni kò mọ̀?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní, 'Èmi ni,' kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ má ṣàlàyé. Bí wọ́n bá ti gbà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, a ti di…"

Kò lè parí rẹ̀. Ó da omi lé Gàníyù lórí, kí ó má baà rí ojú òun. Gàníyù tu ọṣẹ dànù lẹ́nu.

"Kí n sọ pé èmi ni."

"Kí ẹ sì dákẹ́."

"Dídákẹ́ ló le níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"N ó dákẹ́, Abíọ́nà."

Gàníyù wò ó lójú bí ó ti ń sọ ọ́. Kò sí àwàdà nínú rẹ̀. Irọ́ ni wọ́n fẹ́ pa, lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára ni. Ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó ní àgbègbè náà ló dúró lórí èyí tó burú jù ú lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Abíọ́nà so ìyá ewúrẹ́ àti àwọn ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé Sàrátù. Ìyá Gàníyù, tó mọ ohun tó ń lọ, wọ aṣọ tó dára. Wọ́n gbé Gàníyù sórí kẹ̀kẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn àlejò dé. Àkànó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Gbénró jókòó tì í, ó gbé fìlà lé orúnkún. Àpèkẹ́ jókòó sẹ́bàá ìta, kí ó lè rí ọ̀nà sá gbà bí àwọn ọmọ onírùngbọ̀n náà bá jáde.

"Gàníyù," ni Àkànó wí, "n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Wọ́n ní ọmọ mi ti bí ìbejì sínú ilé yìí. Ṣé ìwọ ni Bàbá Ìbejì?"

"Èmi ni."

Gàníyù dákẹ́. Abíọ́nà dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Àkànó wo àjà, ó wo ilẹ̀, ó mi orí.

"Ó dára. Ọkùnrin tó bá jẹ́wọ́ ti ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti di ti àna nìyẹn. Gbénró, má bínú, o rí i pé…"

"Ẹ dákun," ni Àpèkẹ́ wí láti ẹ̀bá ìta, "irùngbọ̀n yẹn ńkọ́? Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀kan nínú wọn ní irùngbọ̀n?"

Abíọ́nà wo Gàníyù. Ó rí i tí igun ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó mi orí fún un pé rárá. Gàníyù rí i. Ojú wọn ṣe mẹ́rin.

"Màmá," ni Gàníyù wí, "ọ̀kan kọ́. Àwọn méjèèjì ni. Ìyá wọn pàápàá ní in."

Gbogbo ilé yí ojú padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n wo àgbọ̀n Abíọ́nà.

Gàníyù kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó lu ọwọ́ kẹ̀kẹ́. "Ewúrẹ́ ni wọ́n! Ewúrẹ́ ni wọ́n o! Wọ́n wà ní ẹ̀yìnkùlé Sàrátù, ẹ lọ kí wọn!"

Ẹ̀rín bẹ́. Àkànó di òpó mú. Àpèkẹ́ yọ̀ kúrò lórí àpótí tó jókòó lé, ó wà nílẹ̀, ó ń na ìka sí àgbọ̀n ara rẹ̀. Ìyá Gàníyù fi gèlè bojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ẹni méjì ni kò rẹ́rìn-ín: Abíọ́nà, àti Gbénró, tó ń wo Abíọ́nà.

"Ta ló ní kí o sọ ọ́?" ni Abíọ́nà wí.

Láti Èrúwà títí di ọjọ́ náà, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Àkànó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irú ìwà tó jẹ́, ṣùgbọ́n Gbénró gbé ọwọ́ sókè, ó yíjú sí Gàníyù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ṣé ẹ fẹ́ ọmọbìnrin yìí ni? Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ sọ, kí n máa lọ sílé mi."

Kò sí ìbéèrè tó tún lè yéni ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìdáhùn rẹ̀. Gàníyù wo Gbénró, ó wo àwọn ojú yòókù tó ń dúró dè é, tí ẹ̀rín kò tíì gbẹ lára wọn.

"Èmi kẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ mi. Alága àti Akọ̀wé kò tíì jókòó lé e lórí."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Abíọ́nà wọlé lọ di ẹrù.

Lẹ́yìn náà, àwọn àgbà àdúgbò sọ pé Gàníyù fi ara rẹ̀ rúbọ. Wọ́n ní ó fẹ́ràn ọmọ náà débi pé ó yọ̀ǹda rẹ̀ kí ó lè lọ rí ọmọ bí, kí ó má fi ayé rẹ̀ gbé arọ. Wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀dọ́. Irọ́ ni. Abíọ́nà ń wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ojú ẹni tó ń rúbọ. Ojú ẹni tó rí àwàdà tó dùn ni, tí kò lè jẹ́ kí ó kọjá.

Gbénró jẹ́ ènìyàn rere. Kì í ṣàwàdà. Bí ó bá ní òun ń lọ sóko, oko ló ń lọ. Abíọ́nà bí Adéníran fún un, ó tún bí Rosaline, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún àkọ́kọ́, bí ẹnì kan bá pe Ìyá Ìbejì lọ́jà Ìgàngán, a máa yíjú, a sì máa ṣe bí ẹni pé iṣu ni òun ń wò.

Ní 1996, Gbénró kó iṣu lọ tà ní Igbó-Ọrà, Abíọ́nà sì bá a lọ. Ó ní òun fẹ́ yà kí àwọn tí òun bá gbé tẹ́lẹ̀. Gbénró ní kí ó kí wọn dáadáa, kí ó má jẹ́ kí ọkọ̀ fi í sílẹ̀.

Ìyá Gàníyù ti kú. Ìyàwó ìbátan wọn kan ló ń gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà Gàníyù, tí yóò sì yára lọ. Ọkùnrin náà ti gbẹ. Nígbà tó rí ẹni tó wọlé, ó ní kí Alága àti Akọ̀wé dìde kí àlejò. Abíọ́nà gbé ẹrù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ tààrà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ká aṣọ sókè. Egbò ti wà níbẹ̀. Ó se omi, ó da iyọ̀ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Gàníyù ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, títí ọ̀rọ̀ fi tán.

"Abíọ́nà, mo fẹ́ dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ yí sọ́tùn-ún."

"Mo fẹ́ ọ. Bí mo ti ń sọ ìsọkúsọ yẹn lọ́wọ́, mo fẹ́ ọ. Ẹ̀rín wọn ló pọ̀ jù. Ó ti pẹ́ tí ènìyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ti wò mí."

"Mo mọ̀. Ẹ yí sọ́tùn-ún."

Ó yí. Abíọ́nà kò dárí jì í. Ó fọ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, ó fi àdí pa á, ó pe ìyàwó ilé náà wá, ó fi bí a ṣe ń yí ènìyàn hàn án, ó sì sọ fún un ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí bí òun bá tún padà wá bá egbò mìíràn. Nígbà tó ń jáde, Gàníyù sọ nǹkan kan tẹ̀ lé e, kúkúrú, nípa ìyàwó ilé náà. Abíọ́nà kò yíjú padà.

Ọkọ̀ ti kúrò ní Igbó-Ọrà kí Gbénró tó béèrè.

"Báwo ni ara rẹ̀?"

"Wọn kì í yí i. Egbò ti wà ní ẹ̀yìn rẹ̀."

"A ó tún wá kí i. Ọlọ́run á wò ó sàn."

Wọ́n ń lọ. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ Tápà, ọ̀rọ̀ tí Gàníyù sọ ní ẹnu ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé Abíọ́nà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fi gèlè di ẹnu, ẹ̀rín náà kò gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, tí àwọn èrò ọkọ̀ ń wò ó.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" ni Gbénró wí.

"Kò sí nǹkan kan," ni Abíọ́nà wí, ó ń nu ojú. "Bí mo bá sọ ọ́, kò ní dùn mọ́."